Izal Ò Lè Lé Òórùn Ìtọ̀ Ológbò Lọ

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ìmọwó, ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, ni mò ń gbé. Ọmọ mi lọ sí yunifásítì, ó fi ajá àti akọ ológbò rẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Àárọ̀ àti alẹ́ ni mò ń fi Izal nu ilẹ̀, síbẹ̀ òórùn ìtọ̀ ò kúrò ní pálọ̀, àgàgà tí òjò bá rọ̀. Eégbọn tún ń gun ògiri. Láti ìjẹta, ológbò náà ò jẹun dáadáa mọ́, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Àlejò Ojúde Ọba ò sì ní pẹ́ dé. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ilé, Màmá. Ẹ jẹ́ kí n ti ọ̀rọ̀ ológbò bẹ̀rẹ̀, torí òun ló bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Izal ló ń da itọ́ lẹ́nu rẹ̀. Fínọ́ọ̀lù wà nínú Izal, ẹ̀dọ̀ ológbò ò sì lágbára láti pa oró rẹ̀ bíi tiwa. Ológbò á rìn lórí ilẹ̀ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ nù, á jókòó sí kọ̀rọ̀, á máa lá àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ti gbé e mì nìyẹn. Ẹ fi omi àti ọṣẹ tí kò le fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ nísinsìnyí, kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran lónìí, pẹ̀lú ìgò Izal náà lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu o. Ó lè gba ọ̀nà ọ̀fun wọ ẹ̀dọ̀fóró. Láti òní lọ, oògùn ìnulẹ̀ yòówù tó bá ń funfun bíi wàrà tí ẹ bá dà á sómi, tó fi dé orí Dettol, kó má kan ibi tí ológbò ń tẹ̀.

Ní ti òórùn, Izal ò mú ìtọ̀ kúrò, ó kàn ń bò ó mọ́lẹ̀ ni. Ásíìdì kan wà nínú ìtọ̀ ológbò tó máa ń dì bí iyọ̀ sínú rọ́ọ̀gì àti sáàárín táìlì, omi lásán kì í sì í yọ́ ọ. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ lè má gbóòórùn rẹ̀ rárá. Tí òjò bá rọ̀, tí ọ̀rinrin wọlé, ó tún jí. Imú ológbò ní tirẹ̀ ń gbọ́ ọ nígbà gbogbo, ibẹ̀ náà ló sì ń padà sí láti tọ̀.

Tí ìtọ̀ bá ṣì tutù, ẹ fi àkísà tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi fà á tán. Ẹ má fi ra ilẹ̀, wíwọlé ló máa wọlé sí i. Lẹ́yìn náà, omi ọṣẹ, kí ẹ ṣan án, kí ẹ wá da fínígà pọ̀ mọ́ omi ní ìdọ́gba, kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 kí ẹ tó nù ún. Àmọ́ tí ilẹ̀ yín bá jẹ́ terrazzo, bíi ti ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ wa, fínígà á jẹ ẹ́; ọṣẹ nìkan ni kí ẹ lò. Fún èyí tó ti pẹ́ nínú rọ́ọ̀gì, oògùn ìfọ̀ tó ní enzyme, èyí tí àwọn tó ń ta nǹkan ajá àti ológbò ní, ló ń fọ́ ásíìdì yẹn gan-an. Ó wọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n owó Izal àárọ̀ àti alẹ́ náà kì í ṣe kékeré. Jik ńkọ́? Ẹ má dà á lé ìtọ̀ láé. Èéfín tó ń ti ibẹ̀ jáde ń ta ojú, ó sì ń há èèyàn láyà.

Akọ tí a kò tẹ̀ lọ́dàá á máa tọ̀ sára ògiri àti àga. Ẹ bá dókítà sọ ọ́ tí ara ológbò bá yá. Kí ẹ tún gbé àwo yanrìn sí kọ̀rọ̀ tó dákẹ́. Kó má jẹ́ ilẹ̀ pupa ẹ̀yìnkùlé o, àfi tí ẹ bá fẹ́ rí ẹsẹ̀ ológbò lórí gbogbo táìlì. Ojoojúmọ́ ni kí ẹ máa kó ìgbẹ́ inú rẹ̀: kòkòrò àrùn toxoplasma tó lè wà níbẹ̀ máa ń lo ọjọ́ kan ó kéré tán kó tó lè ran èèyàn. Kí aláboyún má fọwọ́ kàn án.

Eégbọn tí ẹ ń rí lára ògiri, ẹyin ló ń lọ yé sínú ihò àti ibi tó sán. Abo kan ṣoṣo lè yé ẹgbẹẹgbẹ̀rún, nítorí náà tí ẹ bá tọ́jú ajá nìkan, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni wọ́n á tún fi kún ara rẹ̀. Ẹ dí ihò ògiri, ẹ fi omi gbígbóná fọ aṣọ tí ajá ń sùn lé, kí dókítà sì fún ajá ní oògùn eégbọn tó bá ìwọ̀n rẹ̀ mu. Ẹ sọ fún un pé ológbò wà nílé, torí permethrin tó wà nínú àwọn kan lára oògùn ajá ń pa ológbò. Ẹ má fi Sniper wẹ ajá. Mo ti rí èyí tó kú kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ mi.

Ti irun ajá àti ológbò tó ń lẹ̀ mọ́ àga ò le: ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ẹ rẹ ẹ́ sómi díẹ̀, ẹ fi ra àga, irun á ká jọ.

Lọ́jọ́ Ojúde Ọba fúnra rẹ̀, ìbọn á máa dún, ẹ̀rù sì lè mú kí ajá tó mọ́ jù tọ̀ sí pálọ̀. Kí àwọn àlejò tó dé, ẹ mú un jáde kó tọ̀, kí ẹ wá tì í mọ́ yàrá ẹ̀yìn pẹ̀lú omi àti aṣọ tó máa ń sùn lé, kí ẹ tan rédíò sí i.