Oògùn ẹ̀jẹ̀ kọ́ ló ń gbé èèyàn gun òkè Andes

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. London ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Ní oṣù kẹfà, a fẹ́ fi ọjọ́ mẹ́rin rìn ní ọ̀nà Lares lórí òkè Andes ní Peru, láti abúlé kan àwọn Quechua, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, dé òmíràn, ká wo àwókù ilé àwọn Inca tó jọba níbẹ̀ láyé àtijọ́, ká sì parí rẹ̀ sí Machu Picchu, àwókù ìlú wọn tó lókìkí jù. Ọjọ́ Jímọ̀ la máa balẹ̀ sí Cusco, ìrìn á bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ Sátidé. Wọ́n ní èémí máa ń nira ní Machu Picchu, torí náà a ti ń mu oògùn ẹ̀jẹ̀ àti omi úgú. Ẹni tó tà á fún wa lórí WhatsApp ní ìgò mẹ́ta-mẹ́ta ló máa tó wa. Ṣé ó tó lóòótọ́, àbí ká fi ewé kókà kún un? AS ni mí, AA ni ọkọ mi. Awakọ̀ ọkọ̀ ojú irin ni. Irú bàtà wo ló sì yẹ ká rà?

Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ ìgò lẹ béèrè, ṣùgbọ́n Jímọ̀ sí Sátidé yẹn ló bà mí lẹ́rù.

Machu Picchu tí ẹ ń sá fún kò ga tó Cusco rárá. Bíi mítà 2,430 ló fi ga ju etí òkun lọ, nígbà tí Cusco, níbi tí bàálù ti máa já yín sílẹ̀, ga tó nǹkan bíi 3,400. Ọ̀nà Lares ní tirẹ̀ sábà máa ń gba ibi tó lé ní 4,400 kọjá. Kì í sì í wọ Machu Picchu: ọkọ̀ ojú irin lẹ máa wọ̀ débẹ̀ láti Ollantaytambo. Nítorí náà, kí ẹ tó dé ibi tí ẹ ń bẹ̀rù, ewu àìsàn òkè, tí àìtó ọ́síjìn ń fà, ti wà lẹ́yìn yín, tàbí kó ti mú yín.

Ó wá kan oògùn ẹ̀jẹ̀. Ìbéèrè yìí ti sú mi í dáhùn. Ẹ̀jẹ̀ lẹ̀mí, òótọ́ ni, ìdí nìyẹn tó fi rọrùn láti ta omi pupa inú ìgò fún wa. Orí fọ́, wọ́n á ní ẹ̀jẹ̀ ló kù; ó rẹni, ẹ̀jẹ̀ ló kù; wọ́n ti wá gbé e dé Peru báyìí.

Ìdá ọ́síjìn tó wà nínú afẹ́fẹ́ òkè kò yàtọ̀ sí ti Èkó: bíi 21 nínú 100 ni. Agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tẹ nǹkan ló dín kù. Ẹ gbé ọ̀rá ìpékeré tí wọ́n lẹ̀ pa láti Lima, tó wà létí òkun, dé Cusco, ẹ ó rí i tó wú bíi pé ó fẹ́ bẹ́. Kò sẹ́ni tó fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀. Afẹ́fẹ́ ìta ni ò tẹ̀ ẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ní Cusco, agbára yẹn ò ju bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ti etí òkun lọ. Òun ló sì ń ti ọ́síjìn láti inú ẹ̀dọ̀fóró wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ìgò wo ló fẹ́ tún ìyẹn ṣe?

Ara fúnra rẹ̀ mọ ohun tó máa ṣe. Láàárín wákàtí díẹ̀, ẹ ó máa mí kíákíá, èémí á sì jinlẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí i, kíndìnrín á bá a tún ẹ̀jẹ̀ ṣe kó lè bá èémí tuntun náà mu. Ẹ ó máa tọ̀ lemọ́lemọ́, ẹ má fòyà. Ẹ̀jẹ̀ pupa tuntun ló ń dé kẹ́yìn, ọ̀sẹ̀ ló sì ń gbà. Ìrìn tiyín, ọjọ́ mẹ́rin. Kó tó dé, ẹ ti padà sẹ́nu iṣẹ́ ní London.

Ohun tí oníWhatsApp yín ò mọ̀ ni pé lórí òkè Andes, kí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ jù, àìsàn ni. Dókítà ará Peru kan, Carlos Monge, ló ṣàlàyé rẹ̀ ní 1925: àwọn tó ń gbé lókè tipẹ́, tí ẹ̀jẹ̀ wọn wá pọ̀ débi pé ó ki, tí ètè wọn dúdú bí aró, tí orí ń fọ́ wọn, tí etí ń hó. Kí wọ́n sọ̀kalẹ̀ lọ máa gbé nísàlẹ̀ ni ìwòsàn wọn. Nígbà mìíràn wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ lára wọn dànù. Ẹ gbọ́ ná, dànù! Ẹ sì wo àwọn ará Tibet, tí àwọn náà ń gbé lókè fíofío: ẹ̀jẹ̀ tiwọn kì í pọ̀ tó ti ará Andes, ara wọn sì le koko.

Ní Huilloc àti Patacancha, àwọn abúlé Quechua, ẹ ó rí obìnrin tó jókòó sílẹ̀, tó so òfì mọ́ ìbàdí, tó ń hun aṣọ pupa, ọmọdé á sì máa sáré gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ẹ̀yin ń fi ọ̀pá gùn. Ẹ má fi ara yín wé wọn. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún làwọn baba ńlá wọn ti ń mí afẹ́fẹ́ yẹn.

Bí ẹ̀jẹ̀ yín bá kéré lóòótọ́, bóyá torí nǹkan oṣù tó ń pọ̀ jù, ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò nísinsìnyí, kí dókítà kọ oògùn tó yẹ. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pé tó ń mu oògùn ẹ̀jẹ̀, ìgbẹ́ dúdú àti àìrígbẹ́ẹ̀yà lèrè rẹ̀.

Ẹ yí ètò yín padà. Lọ́jọ́ tí ẹ bá dé Cusco gan-an, ẹ wọkọ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ sí Ollantaytambo, tó wà ní bíi 2,800, kí ẹ sùn níbẹ̀ ní òru méjì tàbí mẹ́ta. Àwókù ilé tí ẹ ń wá, ó pọ̀ níbẹ̀. Ẹ tún béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ń mú yín lọ pé ibi tí ẹ máa sùn lálaalẹ́ ga tó báwo. Tó bá ti kọjá 3,000, ìmọ̀ràn tí àwa dókítà ń tẹ̀ lé ni pé kí ibùsùn má fi ju 500 mítà lọ ga ju ti àná. Bí wọn ò bá lè dá yín lóhùn, ẹ wá ẹlòmíràn. Oògùn kan wà, acetazolamide, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò láti ọjọ́ tó ṣáájú gígun òkè. Ó máa ń jẹ́ kí ọwọ́ ṣe yín wìnnìwìnnì. Ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ dókítà yín, kí ẹ sì sọ fún un bí Septrin tàbí Fansidar bá ti ṣe yín báṣubàṣu rí. Èmi ò yẹ̀ yín wò, kẹ́nikẹ́ni má sọ pé èmi ni mo ní kó lò ó.

Bí orí bá ń fọ́, tí èébì ń gbé yín, ẹ má gun òkè sí i. Bí ẹnì kan bá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò já gaara mọ́, tàbí tó jókòó jẹ́ẹ́ síbẹ̀ tó ń mí hẹlẹhẹlẹ tó ń wúkọ́, ẹ gbé e sọ̀kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru. Ẹ má dúró de àárọ̀. Irú èyí máa ń pani.

AS kì í ṣe àìsàn, n ò ní kí ẹ má lọ. Ṣùgbọ́n àwọn AS kan ti wà tí ẹ̀jẹ̀ kọ̀ láti ṣàn dé spleen wọn, ẹ̀yà ara kan tó wà lábẹ́ ìhà òsì, nígbà tí wọ́n wà lókè, tí apá kan nínú rẹ̀ sì kú. Ìrora líle níbẹ̀ kì í ṣe inú rírun lásán. Ẹ sọ̀kalẹ̀, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé AS ni yín, torí ó lè má wá sí i lọ́kàn. Ẹni tó jẹ́ SS, ẹ má gùn ún, àfi tí dókítà ẹ̀jẹ̀ tó mọ̀ yín dáadáa bá gbà.

Ewé kókà: ọ̀wọ̀ ni àwọn Quechua fi ń fún àlejò, ìjọba Peru ò sì lòdì sí i. Kò sí ẹ̀rí gidi pé ó ń dènà àìsàn òkè. Ọkọ yín ní tirẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án, títí kan tíì rẹ̀, torí ewé yìí ni wọ́n fi ń ṣe kokéènì: bí wọ́n bá yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò níbi iṣẹ́, kokéènì ló máa fi hàn. Ẹ má sì kó o wọ London, òfin ò gbà á.

Bàtà: èyí tó ti mọ ẹsẹ̀ yín lára ni kí ẹ wọ̀. Owó bàtà tuntun, ẹ fi ra aṣọ òtútù, torí omi máa ń dì lóru lókè lọ́hùn-ún ní oṣù kẹfà.