Ta ló ń da àwọ̀n sódò Ọ̀ṣun?

Àbúrò mi, o bèèrè pé ṣé kí wọ́n máa fi èèyàn dúdú rọ́pò òyìnbó nínú fíìmù ló dáa ni àbí ká kúkú ṣe ìtàn tiwa. Jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí fún ẹ, torí owó ara mi ni mo fi kọ́ ọ.

Nígbà tí Halle Bailey, òṣèré dúdú, ṣe Ariel, ọmọ odò onírù ẹja inú fíìmù The Little Mermaid, ní 2023, táwọn kan ń bínú pé kò jọ Ariel òyìnbó inú ti 1989, inú tèmi dùn, mi ò ní parọ́. Ọmọ mi obìnrin wo fíìmù yẹn títí orin ẹ̀ fi sú mi. Ló bá wọ̀ mí lórí pé èmi náà á ṣe tèmi l'Óṣogbo níbí. Mo gbé ìtàn yẹn bí Andersen ará Denmark ṣe kọ ọ́ ní 1837, mo sọ ọmọ odò ní Omíwùmí, mo fi àdìrẹ wọ̀ ọ́, mo ní ó ti di Yorùbá nìyẹn. Owó àjọ mi wọ̀ ọ́, mo tún yáwó lé e.

Ọjọ́ tá a kọ́kọ́ fi hàn lápá Òkè-Fìà, a débi tí apẹja ti fi àwọ̀n gbé Omíwùmí lódò, ìyá aláró kan tó jókòó níwájú kàn figbe ta: "Ta ló ń da àwọ̀n sódò Ọ̀ṣun?" Yéè! Gbogbo họ́ọ̀lù bú sẹ́rìn-ín. Wọn kì í pẹja nínú igbó Ọ̀ṣun, èmi ọmọ Òṣogbo ṣáà mọ̀, àmọ́ ìtàn tí mo yá ló ń tì mí lọ, mi ò tiẹ̀ ronú kàn án. Nígbà tó parí, màmá ní kí ni oríkì ọmọ náà, èwo tún ni pé ó fi ohùn ẹ̀ gba ẹsẹ̀ nítorí ọkùnrin tí ò mọ̀ ọ́n rí. Mi ò rí nǹkan kan sọ.

Bẹ́ẹ̀ ìtàn wà nílẹ̀ o! Láróòyè àti Tìmẹ́hìn, àwọn tó tẹ Òṣogbo dó, gégi, igi wó sódò, ohùn Ọ̀ṣun jáde pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun tán. Obìnrin yẹn níṣẹ́ lọ́wọ́, ó ní dúkìá, ó ń bínú, òun náà ló tún bá wọn dá májẹ̀mú. Dúró Ládípọ̀ onítíátà náà gbé eré ìtàn Ṣàngó láti Òṣogbo dé Berlin ní 1964, Yorùbá ni wọ́n sì fi ṣe é.

Kí wọ́n fi dúdú ṣe Ariel ò burú létí mi, ọmọ mi rí irú ara ẹ̀ níbẹ̀. Àmọ́ ojú nìkan nìyẹn, ibi tí ìtàn ti wá ò yí padà.

Mo padà lọ bá màmá aláró. Ó ní n kọ́kọ́ wá bá òun po ẹ̀lú ná. Àṣé ọjọ́ pọ̀ tí ìkòkò kan fi ń jókòó kí aró ẹ̀ tó ṣeé rẹṣọ sí. Ìgbà yẹn ni ìbínú Ọ̀ṣun ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi.