Sẹ̀ǹtímítà 4 péré

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìnáwó ilé o. Ẹ ní ilẹ̀ yín wà ní Kétu, wọ́n sì ń sọ fún yín pé kí ẹ lọ ra ilé onírin tí wọ́n ti ṣe awẹ́awẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Kútọnu, tí wọ́n kàn máa wá tò pọ̀ lórí ilẹ̀ yín, pé láàárín ọ̀sẹ̀ kan ẹ ó ti kó wọ inú rẹ̀. Ẹ wá ń bèèrè bóyá kí ẹ pa bíríkì tì. Èmi ti ra irú ilé bẹ́ẹ̀ rí: yàrá méjì àti ṣọ́ọ̀bù kan, lẹ́yìn ilé amọ̀ bàbá mi.

Ọ̀sẹ̀ kan yẹn kì í ṣe irọ́. Ohun tó ṣáájú rẹ̀ ni wọn kì í sọ. Bí wọ́n ṣe ń gé irin tí wọ́n ń to awẹ́ ògiri ní Kútọnu, bẹ́ẹ̀ ni àwọn mọlémọlé tèmi ń da ìpìlẹ̀ ní Kétu. Ibẹ̀ ni àkókò ti ń dín kù, torí pé bíríkì kò lè gòkè kí ìpìlẹ̀ tó wà nílẹ̀.

Àmọ́ iṣẹ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ pàdé. Bóòtù ni wọ́n fi ń de ẹsẹ̀ irin mọ́ símẹ́ńtì. Mọlémọlé mi, àgbà iṣẹ́ tó ti kọ́ ilé púpọ̀ ládùúgbò wa, ta okùn bó ṣe máa ń ta á, ó sì ri bóòtù mọ́lẹ̀ kí símẹ́ńtì tó le. Ẹrù gba Àjàṣẹ́ àti Pọbẹ dé. Ọkọ̀ alápá irin gbé férémù àkọ́kọ́, ìyẹn egungun irin ilé, sókè, ó rọra ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ihò kò bá bóòtù mu. Sẹ̀ǹtímítà 4. Ẹ fi ìka wọ̀n ọ́n, ìka méjì ni. Férémù ń mì dìrọ̀dìrọ̀ lókè orí wa, ọlọ́kọ̀ ń wo aago, nítorí ojúmọ́ kọ̀ọ̀kan ló fi ń gba owó, bó gbé ẹrù, bí kò gbé e. Ọjọ́ méjì la fi gé bóòtù 6 dànù, tí a lu ihò tuntun, tí a sì tún ri òmíràn. Owó tí mo rò pé mo rí ṣẹ́kù lára owó òṣìṣẹ́, ọlọ́kọ̀ ló kó o lọ.

Mi ò bínú sí àgbà yẹn. Ilé tó mọ̀ ọ́n kọ́ máa ń gba àtúnṣe. Nígbà tí wọ́n ń mọ ilé bàbá mi, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi pò amọ̀, wọ́n mọ ìpele kan, wọ́n fi sílẹ̀ kó gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Bí tìsàlẹ̀ bá wọ́, tòkè á gbà á mọ́ra. Irin tí wọ́n ti lu ihò rẹ̀ tán kì í dúnàádúrà.

Ti owó ẹrù kì í sì ṣe tòní. Ní 1949, Jean Prouvé, ará Faransé, ṣe ilé alumíníọ̀mù nílé iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú gbé e lọ sí Niamey, ní Niger. Méjì mìíràn dé Brazzaville, ní Kóńgò, ní 1951. Wọn ò ṣe jù mẹ́ta yẹn lọ, torí owó rẹ̀ kò dín sí ti ilé tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀.

Ẹ bèèrè ohun tó wà láàárín páànù méjèèjì tó jẹ́ ògiri. Mo ṣáná sí àjẹkù fóòmù tèmi: ó yọ́, ó gbiná, èéfín dúdú sọ. Bí ẹ óò bá máa dáná nínú ilé, òwú tí wọ́n fi òkúta yíyọ́ ṣe ni kí ẹ ní kí wọ́n kì sí i, ìyẹn kì í jó. Òjò náà ńkọ́? Ìyá mi sùn níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ń lu òrùlé. Kílẹ̀ tó mọ́, ariwo ti lé e, ó ti gbé ẹní padà sílé amọ̀.

Tó bá jẹ́ tèmi, ṣọ́ọ̀bù nìkan ni mo tún máa rà bẹ́ẹ̀. Bíríkì amọ̀ pupa tí wọ́n po símẹ́ńtì díẹ̀ mọ́, tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀, ni màá fi kọ́ ibi tí màá sùn. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ rà, ẹ ní kí àwọn ará Kútọnu kọ́kọ́ fi pátákó tí wọ́n lu ihò bóòtù sí ránṣẹ́ sí mọlémọlé yín, orí ẹ̀ ni kó ti ri bóòtù. Kó ta okùn méjì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti igun kan dé igun tó kọjú sí i, kí méjèèjì dọ́gba, kí ẹ tó pe ọlọ́kọ̀. Ẹ sì wo ọ̀nà tó wọ ilẹ̀ yín. Ẹ̀ka máńgòrò aládùúgbò mi la gé kí ẹrù tó lè kọjá, títí dòní kò tíì dá mi lóhùn dáadáa.