Ẹ̀yìn tó ṣèṣe lẹ́nu iṣẹ́, àti ìwé tí wọ́n ní kí o fọwọ́ sí

Àbúrò mi, má fọwọ́ sí ìwé yẹn. O ní ibi tí ẹ ti ń já àpò lórí ọkọ̀ ní ilé-iṣẹ́ kan ní Odógunyàn ni ẹ̀yìn rẹ ti yẹ̀, pé ó ti ń lọ sí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, pé kásúà ni ọ́, àti pé ọ̀gá yín fẹ́ fún ọ ní owó díẹ̀ kí o lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé o kò ní í béèrè ohunkóhun mọ́. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbé síwájú èmi náà nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Ìkòròdú níbí. Employees' Compensation Act, òfin owó gbà-má-bínú tí wọ́n ṣe ní ọdún 2010, kò gbà kí òṣìṣẹ́ bá agbanisíṣẹ́ ṣe àdéhùn láti yááfì ẹ̀tọ́ rẹ̀, nítorí náà ìwé yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá fọwọ́ sí i, àlàyé ìdí tí o fi fọwọ́ sí i ni wàá máa ṣe kí o tó ráyè sọ ti ẹ̀yìn rẹ.

Jíjẹ́ tí o jẹ́ kásúà kò yọ ọ́ sílẹ̀, nítorí òfin náà ka kásúà àti ọmọ iṣẹ́ mọ́ òṣìṣẹ́, ìbáà ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni wọ́n fi gbà ọ́. NSITF (Nigeria Social Insurance Trust Fund), àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó òfin yìí, ló ń san owó náà, láti inú àpò tí agbanisíṣẹ́ ń dá ìdá 1 nínú 100 gbogbo owó oṣù tó ń san sí, kò sì gbọdọ̀ yọ ọ́ lára owó rẹ. Kò pọn dandan kí o fi hàn pé ọ̀gá ló jẹ̀bi. Èrò tèmi ni pé àwọn tí kò dá owó yẹn sí àpò náà ló máa ń yára jù láti fún ènìyàn lówó lábẹ́lẹ̀.

Ohun tó mú ọ̀ràn ẹ̀yìn le ju ti ọwọ́ tó kán lọ ni pé kò sí ojú ọgbẹ́. Wọn yóò sọ pé ọ̀kadà tí o ń gùn ló fà á, tàbí omi tí o ń pọn nílé, tàbí ọjọ́ orí. Bí wọ́n bá ya X-ray tí kò sí ohun tí wọ́n rí, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn pa ọ́ lẹ́nu mọ́: eegun ni X-ray ń fi hàn, kì í fi tìmùtìmù tó wà láàárín eegun ẹ̀yìn hàn, MRI, ẹ̀rọ mìíràn tó ń ya àwòrán inú ara, ló ń fi ìyẹn hàn. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ tèmi kọ̀wé pé ẹ̀yìn ti ń dùn mí tẹ́lẹ̀, ohun tó gbà mí ni gbólóhùn kan tí dókítà àkọ́kọ́ tó rí mi kọ sínú fáìlì, pé àpò ni mo gbé níbi iṣẹ́ tí ìrora náà fi mú mi lójijì, tó sì ń sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀ òsì. Mo ní kí ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni. Bí ó bá jẹ́ pé “ẹ̀yìn ń dùn ún” nìkan ni ó kọ, kò sí ohun tí ǹ bá fi dá wọn lóhùn. (Bí ojú ara rẹ bá kú tipiri, tàbí tí o kò lè dá ìtọ̀ dúró, gba ọsibítù lọ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ọ̀rọ̀ owó dúró ná.)

Òfin fún òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ 14 láti fi tó agbanisíṣẹ́ létí, ó sì fún agbanisíṣẹ́ ní ọjọ́ 7 láti fi tó NSITF létí. Ìwọ ti kọjá 14, ṣùgbọ́n o ní o ti sọ ọ́ lẹ́nu fún súpáfáísọ̀ lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀, súpáfáísọ̀ sì wà lára àwọn tí òfin ní kí a sọ fún. NSITF tún lè gba ẹjọ́ rẹ wò bí ó bá dá wọn lójú pé agbanisíṣẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀. Kọ ọ́ sílẹ̀ lónìí: orúkọ rẹ, ọjọ́ àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ohun tí o gbé, orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀. Kí wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀dà kan fún ọ. Bí wọ́n bá kọ̀, fi ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp. Ìbéèrè fún owó náà fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ọdún kan lọ sí ọjọ́ tí o fara pa.

Ìtọ́jú wà lára ohun tí NSITF ń bójú tó, bí ẹnì kan kò bá sì lè ṣiṣẹ́ mọ́ láéláé, ìdá 90 nínú 100 owó iṣẹ́ rẹ̀ ni òfin sọ. Ti ẹ̀yìn kì í sábà dé ibẹ̀. Ìdá díẹ̀ ni wọ́n máa ń ṣírò, ó sì lè kéré lójú rẹ bí ó ṣe kéré lójú mi. A lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí ìgbìmọ̀ àjọ náà, lẹ́yìn ìyẹn sí National Industrial Court. Ṣùgbọ́n owó yìí dípò pípe agbanisíṣẹ́ lẹ́jọ́ lórí ìfarapa kan náà, nítorí náà bá agbẹjọ́rò sọ̀rọ̀ kí o tó kọ fọ́ọ̀mù. Legal Aid Council wà fún ẹni tí kò lówó. Ní ti ọsibítù, bí o kò bá tíì lọ, lọ sí Jẹ́nẹ́rà Ìkòròdú ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí o sì tọ́jú káàdì àti gbogbo rìsíìtì rẹ.