Ilé ìdáná Màmá ti gbó: kí la ó kọ́kọ́ tún ṣe?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o. Òṣogbo la wà, ládùúgbò Òkè-Fíà. Ilé bàbá wa ni, ọdún 1976 ni wọ́n kọ́ ọ, bàbá sì ti di olóògbé. Màmá wa, ẹni ọdún 73, ló ń gbé ibẹ̀ pẹ̀lú àbúrò mi obìnrin àti ọmọ rẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀yìn ilé ni ilé ìdáná wà. Ó ṣókùnkùn, ògiri rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, síńkì kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ kì í gbé omi lọ bọ̀rọ̀. Àwa ọmọ ti dá owó jọ. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Èkó fi fọ́tò ránṣẹ́: kábọ́ọ̀dù funfun yí ògiri ká, táìlì tó ń dán bíi dígí, gáàsì tí wọ́n rì mọ́ orí kọ́ńtà. Ó ní bí òun ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Màmá ní kò sí ohun tó ṣe ilé ìdáná òun. Ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀ kí owó wa má baà ṣòfò?

ÌDÁHÙN

Ẹ kú ìtọ́jú Màmá o. Fọ́tò tí ẹ̀gbọ́n yín fi ránṣẹ́ yẹn, tàbí èyí tó jọ ọ́, kò sí oṣù tí wọn kì í gbé e wá bá mi. Ó rẹwà. Ṣùgbọ́n ó dá mi lójú pé ẹnikẹ́ni ò ro okà nínú rẹ̀ rí.

Kí n tó mú téèpù jáde nílé ìdáná ẹnikẹ́ni, mo máa ń bẹ ẹni tó ni ín pé kó se oúnjẹ níṣojú mi. Wọ́n á máa fi mí rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní bíríkìlà ń wá oúnjẹ ọ̀fẹ́. Wọn ò kúkú parọ́ tán. Ní Àyétòrò níbí, ìyá kan ro àmàlà báyẹn lójú mi. Wọ́n ní gáàsì tó dára lórí tábìlì, wọn ò yà sí i. Sítóòfù kékeré ni wọ́n gbé sílẹ̀, wọ́n fa àpótí, wọ́n jókòó, wọ́n fi aṣọ ká etí ìkòkò, wọ́n fi ẹsẹ̀ òsì tì í kó má yí, wọ́n wá fi ọwọ́ méjèèjì di ọmọ orógùn mú. Èjìká wọn ni mò ń wò. Láti òkè ni agbára ti ń bọ̀. Tí n bá gbé iná ìyá yẹn sórí kọ́ńtà tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 90, bó ṣe wà nínú fọ́tò, ọ̀gangan àyà wọn ni ìkòkò máa wà, okà á máa ta sí wọn lójú, láàárín oṣù kan wọ́n á ti padà sí orí àpótí. Owó a sì ti lọ.

Nítorí náà, gíga méjì ni mo máa ń ṣe. Ẹ jẹ́ kí Màmá wọ sílípáàsì tí wọ́n ń wọ̀ nílé, kí wọ́n dúró ṣánṣán, kí wọ́n ká apá kò. Ẹ wọn ilẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́ wọn, ẹ yọ sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 kúrò: ibẹ̀ ni kí orí pèpéle tí wọ́n á ti máa gé ẹ̀fọ́ wà. Fún ibi tí wọ́n á ti máa ro okà, ẹ tún yọ bíi 25 sí i. Àbúrò yín tó ga jù wọ́n lọ lè máa fi gáàsì tó wà lókè dín dòdò.

Ẹ ò sọ̀rọ̀ odó. Kò sẹ́ni tó máa ń sọ ọ́, àfìgbà tí táìlì bá là. Táìlì kì í bẹ̀rù ìwúwo, àyè òfìfo tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni wàhálà: níbi tí síméǹtì ò bá ti dé dáadáa, ọmọ odó á máa lù ú lẹ́ẹ̀kan lẹ́ẹ̀kan títí yóò fi fọ́. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń fi àyè kan sílẹ̀ nítòsí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, bíi sẹ̀ǹtímítà 80 níbùú lóròó, tí mi ò ní fi táìlì kàn rárá. Kọnkéré tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 15, tó jókòó sórí ilẹ̀ tí wọ́n ti gún mọ́lẹ̀ dáadáa, ni mo máa ń dà síbẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ ìgúnyán ti wà. Ẹ rà á fún Màmá, kí ẹ wá gbọ́ èsì.

Fún ìyókù ilẹ̀, ẹ má ra táìlì tó ń dán. Ẹ bu omi sí ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Tó bá yọ̀ pẹ̀lú omi, ẹ ro bí yóò ti rí pẹ̀lú epo pupa lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni ọdún 73. Tó bá jẹ́ pé síméǹtì pupa àtijọ́ ló wà nílẹ̀ yín, tí kò sì là, èmi ì bá kúkú fi í sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń bí àwọn tó ń ta táìlì nínú.

Wàyí o, síńkì. Ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó ra ìṣó kan. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kan dúró níta nídìí ihò tí omi ilé ìdáná ń gbà já, kí ẹlòmíì da garawa omi kan sí síńkì lẹ́ẹ̀kan náà. Tí omi bá dúró nínú síńkì, ẹ tú kọ́rọ́, ìyẹn páìpù tó tẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ fi garawa gba omi, kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ dá a padà, kí ẹ sì tún da omi: tó bá ń sáré jáde níta wàyí, kọ́rọ́ yẹn lásán ló dí, iṣẹ́ wákàtí kan ni. Tó bá ṣì ń kán tótó níta, páìpù tó wà nínú ògiri tàbí lábẹ́ ilẹ̀ ló ti há. Tí omi bá sì ń padà gun òkè nínú ihò níta, sọ́kàwéè ti kún, ìyẹn sì kọjá ọ̀rọ̀ ilé ìdáná nìkan. Mo mọ ilé kan tí wọ́n ti kan táìlì dé àjà kí wọ́n tó mọ̀ pé páìpù ti há. Wọ́n fi òòlù fọ́ táìlì tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì. Èmi ni mo kan táìlì yẹn, mi ò sì dán omi wò kí n tó kàn án. Àtìgbà yẹn, garawa ni mo kọ́kọ́ ń béèrè.

Ilé ọdún 1976, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ páìpù irin ló ń gbé omi wọlé síbẹ̀. Irin máa ń dípẹtà láti inú, ihò rẹ̀ á máa kéré, omi á máa pupa láàárọ̀. Ẹ yọ gbogbo rẹ̀, ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ tuntun. Páìpù ìdọ̀tí ní tirẹ̀, kó jẹ́ oníke tó fẹ̀ ní mílímítà 50, kó sì dà: nínú mítà kọ̀ọ̀kan, kó fi sẹ̀ǹtímítà méjì àbọ̀ rẹlẹ̀. Tó bá tẹ́ ju ìyẹn lọ, ẹ̀rún ẹ̀bà á jókòó síbẹ̀, epo á dì mọ́ ọn. Níta, kó tó dé sọ́kàwéè, ẹ mọ kòtò kékeré kan tó ní ọmọrí, kí páìpù tó ń jáde nínú rẹ̀ dorí kodò wọ inú omi. Epo á léfòó sókè, omi á gba ìsàlẹ̀ lọ, ẹ ó sì máa fi agolo kó epo náà dànù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Iṣẹ́ tí ń rùn ni, ẹ fún ọmọkùnrin tó dàgbà jù.

Tó bá jẹ́ orí òpó ni táńkì yín wà, ẹ kíyè sí irú ẹnu ẹ̀rọ tí ẹ óò rà. Omi tó wà ní mítà mẹ́wàá lókè ẹnu ẹ̀rọ ló ń ní agbára bar kan (bar ni wọ́n fi ń wọn agbára tí omi fi ń tì). Tí táńkì bá fi mítà mẹ́ta ga ju ẹnu ẹ̀rọ lọ, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá bar kan ni, kò sì tó. Ọ̀pọ̀ ẹnu ẹ̀rọ olówó ńlá tó máa ń yí kiri ń béèrè ju ìyẹn lọ. Omi á kàn máa sun bí ìtọ́ ni. Ẹ ra èyí tí wọ́n ń yí lásán.

Nípa ògiri dúdú yẹn: bàbá yín ò ṣàṣìṣe. Nígbà tí wọ́n ń kọ́lé yẹn, igi àti kẹrosíìnì ni wọ́n fi ń dáná. Kí èéfín má baà wọ yàrá ni wọ́n ṣe gbé ilé ìdáná sẹ́yìn. Gáàsì lẹ máa lò báyìí, ìṣe tirẹ̀ sì yàtọ̀. Èéfín máa ń gòkè, àmọ́ gáàsì wúwo ju atẹ́gùn lọ: tó bá jò, ilẹ̀ ló máa ń rá lé bí omi, yóò máa dúró de ẹni tó máa ṣáná. Nítorí náà ẹ dá ihò sísàlẹ̀ ògiri, ẹ dá òmíràn sókè, ẹ sì fẹ fèrèsé sí i. Sílíńdà, ìta ni kó wà, lábẹ́ ìbòrí, kó jìnnà sí ẹnu ilẹ̀kùn àti gọ́tà. Omi ọṣẹ ni kí ẹ fi dán ìsopọ̀ wò, ẹ má fi ìṣáná wá gáàsì. Àtíbàbà tí wọ́n ti ń fi igi dáná lẹ́yìnkùlé, ẹ má wó o. Lọ́jọ́ ìnáwó, ibo lẹ fẹ́ gbé ìkòkò ìrẹsì sí?

Kí wọ́n tó kun ọ̀dà, kí wọ́n fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ ògiri, kí wọ́n ha á, kó gbẹ. Ọ̀dà kì í mú lórí epo.

Ohun méjì wà tí mi ò ní fi ṣeré. Àjà ni àkọ́kọ́. Ilé ìgbà yẹn, pákó asbestos ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe àjà: ó le, ó rí bí eérú, tí wọ́n bá kàn án ó ń dún bí àwo. Níwọ̀n ìgbà tó bá wà lódindi, kò ní ṣe yín ní nǹkan. Tí wọ́n bá fọ́ ọ, eruku rẹ̀ máa ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó máa ń jókòó síbẹ̀, ó sì lè di jẹjẹrẹ lẹ́yìn ogún ọdún sí i. Tí kò bá là, ẹ fi sílẹ̀, ẹ kùn ún. Tó bá di dandan kó kúrò, kí Màmá àtàwọn ọmọ kúrò nílé lọ́jọ́ náà, kí wọ́n fi omi rin ín gbindingbindin, kí wọ́n tú ìṣó rẹ̀ kó sọ̀ kalẹ̀ lódindi, kí àwọn òṣìṣẹ́ lo ìbòmú gidi, kí wọ́n wé e sínú ọ̀rá tó nípọn. Kí ẹnikẹ́ni má fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá ibẹ̀.

Èkejì ni ògiri. Ẹ bó síméǹtì níbi kọ́lọ́fín kan kí ẹ wo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ní Òṣogbo, amọ̀ ni, síméǹtì ni wọ́n fi rẹ́ ẹ lójú. Tó bá jẹ́ amọ̀, ẹ gbàgbé kábọ́ọ̀dù tí wọ́n ń gbé kọ́ ògiri. Ìṣó ò ní dúró, gbogbo abọ́ Màmá á wá sílẹ̀ lóru ọjọ́ kan.

Fún kábọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀, pákó tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú igi àti gọ́ọ̀mù ṣe máa ń wú bí búrẹ́dì tí omi bá kàn án. Búlọ́ọ̀kù ni kí ẹ fi ṣe ẹsẹ̀ pèpéle, kí ẹ da síláàbù lé e, kí kápẹ́ńtà wá fi pákó gidi tó gbẹ, tí wọ́n ti fi oògùn ikán kùn, ṣe ilẹ̀kùn sí i. Ikán ò rí búlọ́ọ̀kù jẹ.

Iná: Òṣogbo níbí ni wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà, síbẹ̀ ẹ mọ bí tiwa ṣe rí. Tó bá dé ṣáá, kí wáyà sọ́kẹ́ẹ̀tì jẹ́ 2.5 (bí wáyà ṣe nípọn tó ni nọ́ńbà yìí ń sọ), kì í ṣe 1.5 tó wà fún gílóòbù, kí wáyà tó wọ ilẹ̀ wà níbẹ̀, kí sọ́kẹ́ẹ̀tì kankan má sún mọ́ síńkì.

Nípa owó, tó bá jẹ́ náírà mẹ́wàá lẹ dá jọ, èmi á fi mẹ́rin sí páìpù, wáyà àti ihò afẹ́fẹ́, mẹ́ta sí ilẹ̀ àti pèpéle, méjì sí kábọ́ọ̀dù, kí ọ̀kan dúró de ohun tí a máa bá lábẹ́ ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yín ò ní fẹ́ràn rẹ̀, torí mẹ́rin àkọ́kọ́ yẹn kì í hàn nínú fọ́tò. Ẹ fúnra yín ra ẹrù, kí ẹ máa san owó iṣẹ́ bí iṣẹ́ bá ṣe ń parí. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọdún Ọ̀ṣun bá ń bọ̀ lóṣù kẹjọ: àlejò á kún ilé yín, òjò á sì wà nílẹ̀. Oṣù kọkànlá ni mo fẹ́ràn jù, bí wọ́n bá ti lè máa wọ́n omi sí síméǹtì láàárọ̀ àti lálẹ́ kí ọyẹ́ má baà fà á gbẹ.

Ní ti Màmá tó ní kò sí ohun tó ṣe ilé ìdáná òun, ẹ má tún bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ tuntun. Ẹ jókòó tì wọ́n lálẹ́, ẹ bi wọ́n pé ibo ló máa ń dùn wọ́n tí wọ́n bá se oúnjẹ tán. Ẹ kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Kí ẹ wá da garawa omi yẹn lọ́la, kí ẹ kọ̀wé sí mi padà pé báwo ló ṣe jáde.