Ẹ Bi Wá: Títẹ̀lé Ẹgbẹ́ Olórin Láti Ìlú Dé Ìlú

Láti ìgbà tí a ti kọ̀wé nípa Grateful Dead (tàbí Dead lásán), tó tú ká ní 1995, àti Phish, àwọn ẹgbẹ́ olórin Amẹ́ríkà tí eré wọn kì í rí bákan náà lálẹ́ méjì, ni ìbéèrè ti ń rọ́ wọlé. A mú mẹ́rin dáhùn lóṣù yìí.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Houston ni mo ń gbé. Mo fẹ́ tẹ̀lé Phish dé ìlú mẹ́jọ, ẹ̀gbọ́n mi sì ní orí mi ti dàrú. Báwo ni mo ṣe lè ṣe é tí owó kò ní tán sójú ọ̀nà?

Orí yín pé. Ní 2017, Phish ṣeré fún alẹ́ 13 ní Madison Square Garden, New York, wọn kò sì tún orin kankan kọ. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó lọ lánàá fi tún ń lọ lónìí. Ẹni tó bá mọ bí ẹgbẹ́ jùjú ṣe ń fa orin kan gùn lóde àríyá, tí gángan ń dá gìtá lóhùn, yóò tètè mọ ohun tí wọ́n ń wá kiri.

Ṣùgbọ́n ìlú mẹ́jọ ti pọ̀ jù fún ìgbà àkọ́kọ́. Epo mọ́tò, òtẹ́ẹ̀lì àti àìsùn ló ń dá èèyàn padà sílé. Ẹ yan ibi kan tí wọn yóò ti ṣeré fún alẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ jókòó síbẹ̀. Èyí tó wù wá jù ni ti ìparí ọdún ní Madison Square Garden, tó sábà máa ń bọ́ sí ọjọ́ 28 sí 31 oṣù Kejìlá. Penn Station wà nísàlẹ̀ gbọ̀ngàn náà gan-an, nítorí náà ẹ má gbé mọ́tò wá. Ẹ wo òtẹ́ẹ̀lì ní Secaucus, New Jersey; ó sábà máa ń rọjú ju ti Manhattan lọ, reluwé kò sì gbà ju bí ìṣẹ́jú 15 lọ. Ẹ mọ ìgbà tí reluwé ìkẹyìn ń gbéra kí ẹ tó wọlé, pàápàá lálẹ́ ọjọ́ 31, nítorí apá mẹ́ta ni wọ́n máa ń ṣe lálẹ́ ọjọ́ náà dípò méjì, ó sì ń kọjá ọ̀gànjọ́. Níbòmíì tí ẹ bá wa mọ́tò lọ, ẹ sùn kí ẹ tó forí lé ìlú kejì. Ẹni tó ti jó fún wákàtí mẹ́ta kò gbọdọ̀ wakọ̀ lóru.

Ní ti tíkẹ́ẹ̀tì, ẹgbẹ́ náà máa ń ṣẹ́ kèké láti yan àwọn tí yóò kọ́kọ́ rà á kí wọ́n tó tà á fún gbogbo ayé. Ẹ forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ má ra àwòrán tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹnì kan yà lórí fóònù rẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì ìsinsìnyí, àmì tí wọ́n ń yẹ̀ wò lẹ́nu ọ̀nà ń yí padà ní gbogbo ìgbà, àwòrán rẹ̀ kò sì lè mú yín wọlé. Kó kọ́kọ́ wọ inú àkáǹtì tíkẹ́ẹ̀tì yín lójú yín ná, kí ẹ tó sanwó.

Ẹ ra róbà tí wọ́n fi ń dí etí. Àjọ NIOSH ti Amẹ́ríkà, tó ń rí sí ìlera òṣìṣẹ́, ní tí ohùn bá dé dẹ̀síbẹ̀lì 100, ìṣẹ́jú 15 péré ni etí lè gbà lójúmọ́. Òwú kò tó o.

Mo gbọ́ pé Phish ń gba èèyàn láàyè láti ká eré wọn sílẹ̀. Kí ni kí n rà?

Wọ́n ń gbà á, Grateful Dead ló la ọ̀nà náà. Ní 1984 ni wọ́n ya àyè sọ́tọ̀ fún àwọn tó ń ká orin sílẹ̀. Phish náà ní tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀tọ̀ fún un, ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń to ohùn ni ẹ ó dúró sí. Òfin tó le jù ni pé ẹ kò gbọdọ̀ ta ohun tí ẹ bá ká.

Ẹ nílò máìkì cardioid (irú tó ń gbọ́ iwájú ju ẹ̀yìn lọ) méjì, ọ̀pá gíga, ẹ̀rọ ìkáhùn tó ń fún máìkì ní iná fóltì 48, àti bátìrì tó lè lo wákàtí mẹ́rin. Ẹ gbé máìkì ga kọjá orí èrò, bíi mítà méjì àbọ̀, bí wọ́n bá gbà á. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn tó yí yín ká ni ẹ ó gbé lọ sílé. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 17 sáàárín àwọn méjèèjì, kí wọ́n ṣí ní ìgun dígírì 110. Bí gbọ̀ngàn bá ń dún padà, tí ẹ sì jìnnà sí ìtàgé, ẹ dín ìgun náà kù.

Ibi tí iṣẹ́ ti sábà máa ń bàjẹ́ ni pé èèyàn á ti gbé ohùn sókè jù lórí ẹ̀rọ ìkáhùn láti orin àkọ́kọ́. Ohùn lè ròkè sí i ní apá kejì, bó bá sì ti fọ́, kò ní àtúnṣe. Ẹ jẹ́ kí ibi tó ga jù dúró sí nǹkan bíi dẹ̀síbẹ̀lì -12 lójú ẹ̀rọ náà níbẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá to ẹ̀rọ náà sí 24-bit àti 48 kHz, wákàtí kan ń jẹ nǹkan bíi 1 GB. FLAC, irú fáìlì tí kì í gé ohùn dànù, ni kí ẹ fi pín in, nítorí ohun tí MP3 bá ti gé dànù kì í padà. Ẹ sì fi téèpù lẹ wáyà mọ́ ẹsẹ̀ ọ̀pá dáadáa, torí ijó ń bọ̀.

Ìyàwó mi mọ puff-puff dín gan-an. Ṣé a lè tà á ní Shakedown, ọjà tí àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ náà ń ná ní pákì, kí a fi gbọ́ bùkátà ìrìnàjò?

Wọn yóò rà á, torí ebi ijó kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n ilé ni kí ẹ ti dín in. Epo gbígbóná láàárín èrò tó ń jó léwu, ọ̀pọ̀ pákì kò sì gba iná. Ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá kí ẹ tó kó o sínú àpò bébà. Bí ẹ bá dì í sínú ọ̀rá nígbà tó ṣì ń yọ èéfín, èéfín náà á di omi, á sì rọ̀ pẹ̀tẹ̀. Ẹ béèrè ìwé àṣẹ oúnjẹ lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀ ṣáájú.

Ohun tó ká wa lára jù ni ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú. Tó bá jẹ́ físà akẹ́kọ̀ọ́ ni ẹ ní, ẹ má tajà rárá. Igbó náà ńkọ́? Ìpínlẹ̀ kan lè gbà á láàyè, òfin ìjọba àpapọ̀ kò gbà á, òun sì ni àwọn ará ìmígíréṣọ̀n ń lò. Ẹni tó ní green card tí kò tíì di ọmọ onílùú kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹ sì jìnnà sí bàlúùnù gáàsì nitrous oxide tí wọ́n ń tà ní pákì fún fífà símú. Ó ń sọ fítámìn B12 ara di aláìwúlò, ó sì lè ba iṣan ìmọ̀lára jẹ́. Nígbà tí Dead ṣì ń ṣeré, bàlúùnù aláwọ̀ ìyeyè ni wọ́n fi ń dá ibì kan mọ̀ nígbà ìsinmi àárín eré. Ibẹ̀ ni àwọn Wharf Rats, olólùfẹ́ Dead tí kì í mutí tí kì í sì í lo oògùn olóró, máa ń pàdé.

N kò ní físà, n kò sì lówó. Ṣé mo lè tẹ̀lé àwọn ẹgbẹ́ yìí láti Ìbàdàn?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún eré Dead wà lórí ìkànnì archive.org, ọ̀fẹ́ ni. Èyí tí àwọn ará òde fi máìkì ká ṣe é wà sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ èyí tó ti inú ẹ̀rọ ìtohùn wá, gbígbọ́ nìkan ni. Ẹ fi MP3 dáàbò bo dátà yín: wákàtí mẹ́ta ní 128 kbps jẹ́ nǹkan bíi 173 MB. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú eré ọjọ́ 8 oṣù Karùn-ún 1977 ní Yunifásítì Cornell, nítorí gìtá Jerry Garcia.

Fún ìlù, ẹ mú eré láti 1978 síwájú. Ní apá kejì, àwọn yòókù á fi ìtàgé sílẹ̀ fún onílù méjèèjì, Mickey Hart àti Bill Kreutzmann. Ẹ má fò ó. Hart yìí ló kó Babatunde Olatunji, ọmọ Àjídò lẹ́bàá Àgbádárìgì, àti Sikiru Adepoju, onígángan tó ti bá Ebenezer Obey ṣeré, sínú Planet Drum, àwo 1991 tó gba Grammy lọ́dún tó tẹ̀ lé e.