Kí ló dé tí pápákọ̀ òfurufú Màléṣíà fi ń jẹ́ orúkọ Sultan?

Ẹnìkan béèrè ìdí tí pápákọ̀ òfurufú Kota Bharu, ní ìpínlẹ̀ Kelantan lórílẹ̀-èdè Màléṣíà, fi ń jẹ́ Sultan Ismail Petra. Èsì tí wọ́n fún un ni pé ìrántí olóògbé ni, bí wọ́n ṣe sọ ti Ìkẹjà ní Murtala Muhammed. Inú bí mi sí èsì yìí. Ọdún 2019 ni Sultan Ismail Petra, ọba Kelantan tẹ́lẹ̀, wàjà, orúkọ rẹ̀ sì ti wà lára pápákọ̀ náà tipẹ́tipẹ́ kó tó wàjà. Sultan Abdul Halim ti Kedah náà ṣì wà láyé nígbà tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sí pápákọ̀ Alor Setar. Bẹ́ẹ̀ ni ti Sultan Azlan Shah ní Ipoh àti ti Sultan Ahmad Shah ní Kuantan. Ìrántí olóògbé wo nìyẹn? Ẹ máa wádìí kí ẹ tó fún ọmọlọ́mọ lésì.

Ẹ wo àwọn pápákọ̀ tí kò ní orúkọ ọba: Penang, Melaka, Kuching àti Miri ní Sarawak, Kota Kinabalu ní Sabah. Orúkọ ìlú lásán ni wọ́n ń jẹ́. Penang, Melaka, Sabah àti Sarawak ni ìpínlẹ̀ mẹ́rin tí kò lọ́ba; ẹni tí wọ́n yàn sípò ló ń ṣe olórí níbẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ló ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ òfurufú ní Màléṣíà, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ ló ni àṣẹ lórí ilẹ̀, ọba ló sì wà lórí ìpínlẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ kọ́lé sórí ilẹ̀ onílẹ̀, ó wá fi orúkọ onílẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Ìjúbà ni. Ohun tí mo gbà gbọ́ nìyẹn, n kò sì tíì rí ẹni tó lè mú mi kúrò nídìí rẹ̀. Ẹ lè ní Langkawi ní Kedah ńkọ́, ṣebí Kedah lọ́ba? Kedah ti júbà ọba rẹ̀ ní Alor Setar. Ti Sepang, pápákọ̀ ńlá Kuala Lumpur, sì jẹ́ ẹnu ọ̀nà gbogbo orílẹ̀-èdè.

Àwọn Malay ní òwe kan tó gbé ọ̀rọ̀ yìí dúró: “Di mana bumi dipijak, di situ langit dijunjung.” Ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ bá tẹ̀, òfurufú ibẹ̀ ni kí o gbé ka orí. Àlejò ni wọ́n ń pa á fún, pé kó gba àṣà onílé bó ṣe bá a. Ìgbékarí yìí kan náà ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ àṣẹ ọba: ọmọ ìlú a máa gbé e ka orí, kì í kàn gbọ́ ọ létí. Ta wá ni àlejò tó ti òfurufú bọ́ sílẹ̀ jù èrò ọkọ̀ òfurufú lọ? Kó tó gba àpótí rẹ̀, ó ti ka orúkọ ọba.

Wọn kò fi ọ̀rọ̀ ọba ṣeré níbẹ̀. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì gbé Malayan Union, ìjọba kan tó kó àwọn ìpínlẹ̀ Malaya pọ̀, kalẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 1946, tí wọ́n gba agbára kúrò lọ́wọ́ àwọn ọba, aṣọ funfun ni àwọn Malay so mọ́ fìlà wọn bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Ní 1948, Union ọ̀hún ti túká. Láti 1957 sì ni àwọn ọba mẹ́sàn-án ti ń yan ọ̀kan láàárín ara wọn láti ṣe olórí orílẹ̀-èdè fún ọdún márùn-ún. Abdul Halim tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan jẹ oyè náà ní 1970, ó tún jẹ ẹ́ ní 2011; kò sí ọba mìíràn tó jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tó ń dùn mí ni pé orúkọ ọba ń bo orúkọ ilẹ̀ gan-an mọ́lẹ̀, lẹ́tà KBR, àmì Kota Bharu lórí tíkẹ́ẹ̀tì, sì fẹ́ bo méjèèjì. Pengkalan Chepa ni orúkọ ilẹ̀ tí pápákọ̀ Kota Bharu wà. Pápá ọkọ̀ òfurufú ogun ni lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, òun sì wà lára ohun tí àwọn Japan wá gbà nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀ sí etíkun Kota Bharu lóru ọjọ́ 8 oṣù kejìlá ọdún 1941. Àwọn ọmọ ogun Íńdíà dúró dè wọ́n létí omi. Àwọn ọmọ Ọsirélíà gbé ọkọ̀ òfurufú Hudson dìde láti pápá yẹn lọ ju bọ́ǹbù sórí ọkọ̀ ojú omi wọn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti pàṣẹ pé kí àwọn ọmọ Ọsirélíà kó kúrò níbẹ̀. Ìkọlù yìí ti bẹ̀rẹ̀ bíi wákàtí kan ṣáájú èyí tí Japan ṣe sí Pearl Harbor, ibùdó ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà. Gbogbo ayé mọ Pearl Harbor. Mo ti bá àwọn ọ̀dọ́ Kelantan sọ̀rọ̀ tí wọn kò mọ̀ pé orí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń wọkọ̀ lọ sí Kuala Lumpur ni ogun yẹn ti kọ́kọ́ gbóná. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọmọ ní ìtumọ̀ Sultan Ismail Petra, kó fi Pengkalan Chepa kún un.